Kànga Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kejì

A bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi kànga lónìí. Kànga mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láti òkè odò títí dé ìsàlẹ̀ àfonífojì, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí òjò yóò fi dé. Ọ́fíìsì wa, tó ń bójú tó omi abẹ́ ilẹ̀, fún mi ní ọkọ̀ kan àti awakọ̀ kan. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo wa ń pe awakọ̀ yìí, nítorí pé ìgbín lè yà á sílẹ̀ lójú títì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ó dé kànga kẹta kí ilẹ̀ tó ṣú?" Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹni tó bá ń rọra rìn kì í fẹsẹ̀ kọ." Ilẹ̀ ò tíì ṣú tá a fi dé ìkẹrìnlá. 

Kànga ilé ẹ̀kọ́: mítà 9.40 kí téépù tó kan omi. Kànga ẹ̀yìnkùlé ìyá ọkọ mi: 7.15. Téépù ń ké dáadáa bí orí rẹ̀ bá ti kan omi, mo ti fi bátìrì tuntun sí i. Mo sì so ẹ̀rọ kékeré kan sínú kànga ilé ẹ̀kọ́, èyí tí yóò máa kọ gíga omi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Eruku bo gbogbo nǹkan. Mo fọ ojú lẹ́ẹ̀mẹta, omi inú bàsíà ṣì ń pọ́n.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kejì

Ilé ẹ̀kọ́: 9.71. Ti Ìyá: 7.68. Kànga mọ́kàndínlógún ló lọ sílẹ̀ ju ogún sẹ̀ǹtímítà lọ láàárín ọjọ́ méje péré. Àwọn tó wà lókè pátápátá, tó jìnnà sí oko ńlá tó wà láàárín àfonífojì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹsẹ̀.

Mo gbé ìwé mi lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Ó wò ó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ìyàwó wa."

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá ò rí báyìí. Ìwé rẹ̀ rèé."

Ó ní kí n máa kọ ọ́ lọ. Ìgbìmọ̀ Odò yóò jókòó ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Ọjọ́ náà ni wọn yóò pinnu bóyá kí oko ńlá fi ẹ̀rọ ìfami mẹ́fà kún mẹ́jọ tí wọ́n ti ní. "Ohun tó o bá kó síwájú wọn lọ́jọ́ náà ni wọn yóò gbọ́. Bó o bá kó ẹkún lọ, wọn yóò ní kó o nu ojú."

Ọjọ́rú, 11 oṣù kejì

Bàbá Ìbejì fi ayọ̀ wọlé. Wọ́n ti fi í ṣe olórí gbogbo àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìfami ní oko ńlá. Ọdún mẹ́tàlá ló fi wà lábẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn ìbejì fò mọ́ ọn lọ́rùn tòun ti òórùn dísẹ́lì tó wà lára aṣọ rẹ̀. Mo gbàdúrà fún un, mo sì dì mọ́ ọn pẹ́. Mi ò dárúkọ kànga kankan.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù kejì

A lọ kí ìyá ọkọ mi nísàlẹ̀ àfonífojì. Ó ní kí n wá yẹ kànga òun wò "bíi dókítà." Ó ti so okùn mọ́ okùn kó tó lè kàn án. Ó sọ korobá sílẹ̀, a sì gbọ́ bó ṣe ń fi ìdí họ ilẹ̀. Ohun tó fà jáde kò ju ìdajì lọ, ó sì dà bí omi tí àgbẹ̀ fi ṣan ẹsẹ̀.

"Ìyàwó mi, bàbá ọkọ rẹ ló gbẹ́ kànga yìí lọ́dún tí mo lóyún ọkọ rẹ. Àtìgbà náà la ti jọ ń dàgbà. Mo rò pé èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbẹ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo inú kànga.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kejì

Mo rí ohun tí mi ò fẹ́ rí.

Mo fa ẹ̀rọ kékeré náà jáde nínú kànga ilé ẹ̀kọ́, mo sì ka ohun tó kọ fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Láti Mọ́ńdè títí di Sátidé, omi ń lọ sílẹ̀. Tó bá di Sọ́ńdè, á gòkè díẹ̀. Tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì bẹ́ẹ̀.

Òjò ò rọ̀ ní Sọ́ńdè. Odò ò kún ní Sọ́ńdè. Ta ló ń sinmi ní Sọ́ńdè?

Mo mọ ẹni tó ń sinmi ní Sọ́ńdè. Ó wà ní yàrá kejì bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń kọ́ àwọn ìbejì ní ìṣirò.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kejì

Mo bi í nídìí oúnjẹ. "Bàbá Ìbejì, wákàtí mélòó lẹ̀rọ yín ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́?"

Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ṣé ìyàwó mi ló ń bi mí ni, àbí ọ́fíìsì?"

"Àwọn méjèèjì."

"Ìyàwó mi, mo yó, o ṣé é. Ọ́fíìsì, ẹ kọ lẹ́tà sí Máníjà."

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí Máníjà oko náà. Ó dà bíi pé inú kànga ni mo ń jù wọ́n sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kejì

Ooru. Kẹ́ẹ̀gì omi kan ti di ìlọ́po mẹ́ta iye tó jẹ́ lóṣù tó kọjá. Kànga mẹ́rin ti gbẹ kanlẹ̀. Mo fa ìlà sí iwájú wọn nínú ìwé mi.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ ti ránṣẹ́ pe Bàbá Agbẹ́kànga. Òun ló gbẹ́ èyí tó ju ìdajì lọ nínú kànga àfonífojì yìí, kò sì sí èyí tí kò mọ bí ẹni mọ ọmọ. Ó wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ìyá Téépù! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi okùn bá omi sọ̀rọ̀, mítà mélòó ni kí n tún gbẹ́ sí i nínú kànga ìyá ọkọ yín?"

Mo ṣí ìwé, mo ṣírò. "Mẹ́ta, Bàbá. Bẹ́ ẹ bá gbẹ́ mẹ́ta sí i, ẹ ó bá omi."

"Mẹ́ta! Mo ti gbẹ́ mẹ́ta rí kí n tó jẹun àárọ̀."

Jẹ́jẹ́ ní kó má parọ́ mọ́ oúnjẹ àárọ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èyí ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rín lọ́sẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹta

Kànga Ìyá ti wó lu Bàbá Agbẹ́kànga mọ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹta

Ó ti gbẹ́ mítà méjì ààbọ̀. Àwọn méjì tó ń bá a fa erùpẹ̀ sókè ní orin ló ń kọ nísàlẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn bá tú àpò ìrẹsì, orin náà sì dá. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n lò kí wọ́n tó gbé e jáde. Èmi náà fi ọwọ́ mi gbẹ́. Bá a ṣe ń kó erùpẹ̀ kúrò ló ń ya padà. Nígbà tá a kan orí rẹ̀, kò sí ohun tó kù láti ṣe.

Iyanrìn ni. Ó wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí èmi fúnra mi yà lọ́dún méjì sẹ́yìn: amọ̀ lókè, amọ̀ láàárín, lẹ́yìn náà ni iyanrìn fúlẹ́fúlẹ́. Nígbà tí omi ṣì rin ín, ó dúró. Omi ti lọ, kò sì sí ohun tó dì í mú mọ́. Mo mọ èyí. Ẹnu iṣẹ́ mi ni. Ọjọ́ tó bi mí léèrè, omi nìkan ni mo ń rò. Mo fún un ní mítà mẹ́ta, mi ò fún un ní iyanrìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kẹta

Wọ́n sin ín lánàá. Mo lọ bá ìyàwó rẹ̀ lónìí. Lójú ọ̀nà, mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde, ó sì di ọwọ́ mi mú.

"Ìwọ lo sọ fún un pé omi wà níbẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ó wà?"

"Ó wà, mà. Ó ku ìdajì mítà."

Ó mi orí.  "Ó dáa. Kò sí ohun tó kórìíra tó kó gbẹ́ ilẹ̀ lásán."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kẹta

Mi ò fẹ́ jáde. Jẹ́jẹ́ páàkì níwájú ilé láti aago méje, kò fọn fèrè títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó yá, ó kan ilẹ̀kùn. "Ìyá Ìbejì, ẹ ò ní láti bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà wọlé, n ó máa wa ọkọ̀ lọ."

A wọn kànga mọ́kànlá. Mi ò rántí ọ̀nà tá a gbà.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹta

Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, nǹkan tí kò ṣe rí.

"Mo gba ohun tó o rí gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́yà wọn á dìde, á ní ọjọ́ ìsinmi làwọn èèyàn kì í fami púpọ̀, ìdí nìyẹn tí omi fi ń gòkè. Kí lo máa sọ? Ohun tó máa pa á lẹ́nu mọ́ ni kí gbogbo ẹ̀rọ wọn dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, láàárín ọ̀sẹ̀, kí ìwọ sì wà nídìí kànga."

"Máníjà ò lè gbà láéláé, sà."

"Mo mọ̀."

Mo pa ìwé mi dé. Fáànù ń yí, kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kẹta

Ìyá ti kó wá sọ́dọ̀ wa. Àpò méjì àti àga kékeré rẹ̀. Ó ní òun ò lè máa sùn ní ilé tí èèyàn kú sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nítorí omi òun.

Nígbà tó wọ yàrá lọ, mo bẹ ọkọ mi kó ti ẹ̀rọ pa. Mo sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Mo sọ fún un nípa Sọ́ńdè.

"Èèyàn méjìlélógún ló wà lábẹ́ mi," ló wí. "Kò sí èyí tí kò ní ọmọ. Bí wọ́n bá ti ẹ̀rọ pa, kí ni wọ́n máa jẹ? Nọ́ńbà inú ìwé rẹ?"

"Bàbá Agbẹ́kànga náà ní ọmọ."

"Ta ló sọ fún un pé kó gbẹ́ mítà mẹ́ta?"

Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti kábàámọ̀ kó tó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti balẹ̀, ó ti fọ́. Ìyá wúkọ́ nínú yàrá. Mo kó abọ́ lọ sí kíṣìnnì, mo sì fọ èyí tó mọ́ mọ́ èyí tó dọ̀tí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹta

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí lónìí, àfi àwọn ìbejì tó ń jà lórí pẹ́ńsù.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù kẹta

Ìyá fẹ́ wẹ̀. Ọkọ mi gbé korobá omi méjì síwájú ilé ìwẹ̀ fún un. Abọ́ kan ló bù níbẹ̀. Nígbà tó wẹ̀ tán, ó gbé èyí tó ṣẹ́ kù sínú abọ́ náà jáde, ó ní kí a má dà á nù, òun fẹ́ fi fọ ìborùn òun.

Ọkọ mi ní, "Ìyá, ẹ lo omi dáadáa. Omi wà níbí."

"Ọmọ mi, ó ti mọ́ mi lára."

Ọkọ mi dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀, táwẹ́lì ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo korobá méjèèjì tó ṣì kún. Ó jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Mo fẹ́ lọ bá a. Mi ò lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹta

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé kó má bàa dàrú mọ́ mi lójú.

Aago mẹ́wàá, kànga ilé ẹ̀kọ́: 11.82. Mo rò pé mo ṣì í kà. Aago mọ́kànlá: 11.79. Mo pààrọ̀ bátìrì. Aago méjìlá: 11.75. Jẹ́jẹ́ yọjú wo inú kànga bíi pé ó máa rí ẹnì kan níbẹ̀. "Ìyá Ìbejì, ó ń gòkè!" Ìṣẹ́gun lónìí, kì í ṣe Sọ́ńdè.

Mo pe ọkọ mi. Fóònù rẹ̀ ti kú.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ oko náà ló gun kẹ̀kẹ́ kọjá, òun ló ròyìn fún wa. Ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọ̀gá àwọn ti tú ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ palẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo nọ́ọ̀tì tó dè wọ́n pọ̀ wà lórí tapólì. Máníjà dé, ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọkọ mi ní, "Ẹ̀rọ tí kì í sinmi yóò bàjẹ́. Èmi lolórí wọn, ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa fi fọ̀ wọ́n." Ó sì jókòó ti nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àkísà nù ún bíi ṣíbí tí àlejò máa fi jẹun.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ dìde, mà. Ọgbọ̀n kànga ló kù."

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹta

Jẹ́jẹ́ sáré lónìí! Adìyẹ ń fò kúrò lọ́nà. Mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó rọra. Ilé ẹ̀kọ́: 11.49. Méjì nínú àwọn kànga tí mo fa ìlà sí ti ní omi tó tó ìka mẹ́rin.

Ọkọ mi ò wá sílé lánàá. Ó ń ṣọ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹta

Ilé ẹ̀kọ́: 11.24. Sẹ̀ǹtímítà méjìdínlọ́gọ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yìn mi fẹ́ gé sí méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹta

Àwọn ẹlòmíràn to ẹ̀rọ náà padà láàárọ̀. Wọ́n tàn wọ́n ní aago mẹ́jọ; nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, omi ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú gbogbo kànga tó wà nísàlẹ̀ oko.

Wọ́n lé ọkọ mi. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ló wọlé, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ alẹ́ ló máa ń dé tẹ́lẹ̀. Ó fún mi ní ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti ká lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wákàtí gbogbo ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ní ojoojúmọ́, láti ogúnjọ́ oṣù kejì.

"Ìgbà wo lẹ kọ gbogbo èyí?"

"Láti ọjọ́ tí ọ́fíìsì ti bi mí léèrè."

Ó ní òun fẹ́ sùn. Kò tíì jí di báyìí, ó sùn lọ tòun ti bàtà. Ìyá ló bọ́ ọ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù kẹta

Gbọ̀ngàn kún. Alága Ìgbìmọ̀, obìnrin kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí, fún mi ní ogún ìṣẹ́jú. Mo fi àwòrán han wọ́n: ẹ̀rọ tàn, omi sọ̀, ẹ̀rọ kú, omi gòkè. Fún ogún ìṣẹ́jú yẹn, mo rò pé ó ti parí.

Lọ́yà oko ńlá dìde. Ohùn rẹ̀ dẹ̀ bí òróró. "Màdáámù, ta ló ti ẹ̀rọ pa?"

"Olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ."

"Kí ló jẹ́ sí yín?"

"Ọkọ mi ni."

"Ọkọ tẹ́ ẹ jọ ń sùn lórí ibùsùn kan?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Lóṣù yìí, rárá o." Ẹ̀rín tún bú, mo rò pé tèmi ni ẹ̀rín yẹn. Kò ràn mí lọ́wọ́. Lọ́yà ní ọkọ ṣe é, ìyàwó kọ ọ́, ó ku kí ọmọ wá jẹ́rìí sí i. Ó jókòó.

Alága pè wá lẹ́yìn wákàtí kan. Wọn ò ní lo àbọ̀ ìwádìí mi. Wọn yóò pe àwọn oníwádìí mìíràn láti ibòmíràn. Oko ńlá yóò sì ti ẹ̀rọ pa fún ọjọ́ mẹ́ta níṣojú wọn. Títí di ìgbà náà, èmi ò gbọdọ̀ súnmọ́ kànga kankan.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, wọ́n sì ti gba téépù lọ́wọ́ èmi. Bàbá Agbẹ́kànga wà nínú ilẹ̀. Mo délé, mi ò lè jẹun. Kí la wá jèrè?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 oṣù kẹta

Àwọn àlejò oníwádìí ti dé. Jẹ́jẹ́ ló ń fi ọkọ̀ gbé wọn kiri. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan fún mi. Ó kọjá níwájú ilé wa nírọ̀lẹ́, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo dúró sójú fèrèsé bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù kẹrin

Ọ̀gá wá sílé fúnra rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gọ́ta ni àwọn àlejò náà rí nínú kànga ilé ẹ̀kọ́. Èmi rí méjìdínlọ́gọ́ta.

Ìgbìmọ̀ ti sọ pé kò sí ẹ̀rọ mẹ́fà tuntun. Nínú mẹ́jọ tó wà, mẹ́rin gbọ́dọ̀ dákẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Orúkọ àwọn àlejò ló wà lórí ìwé náà. Tèmi ò sí níbẹ̀.

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí, sà."

"Ó yẹ kó dùn ọ́."

Lẹ́yìn tó lọ, Ìyá fẹ́ kọrin. Ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró. Ẹ̀rọ mẹ́rin tó dákẹ́ túmọ̀ sí èèyàn mọ́kànlá tí iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ń fi ìka rẹ̀ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ iye ọmọ tí olúkúlùkù ní.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù kẹrin

Òjò ò tíì rọ̀. Síbẹ̀, omi ń padà bọ̀, díẹ̀díẹ̀. Kànga àdúgbò wa ti mọ́, a ò fi aṣọ sẹ́ ẹ mọ́ kí a tó mu ún.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan ni, òun ló máa ń fi gíríìsì sí ẹ̀rọ. Mo rò pé ìjà ló gbé wá, mo sì ní kí àwọn ìbejì wọlé. Ọkọ mi jáde lọ bá a. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń wo títì.

Ìyá bu omi sínú ife, ó kún dẹ́nu, ó gbé e jáde fún un. Ọkùnrin náà dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mu ún tán láìmí. Ó dá ife padà.

"Ẹ ṣeun, mà," ló wí. "Omi yìí dùn."

Lẹ́yìn náà ló wá bú sẹ́kún.